Àlejò Lójú, Ó sì Fi Ríran

Akọ̀wé mi,

Bàbá rẹ ti ríran. Wọ́n ṣí ojú ọ̀tún rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó wo òrùlé, ó wo dókítà, ó wo èmi, ó sì ka àwọn lẹ́tà tí wọ́n kọ sára ògiri títí dé ìlà kẹta kí omi tó bọ́ lójú rẹ̀. Mo ní kí n kọ́kọ́ sọ èyí ná kí o má baà máa fo ojú ìwé láti wá a, torí mo mọ̀ ọ́, láti kékeré lo ti máa ń ka ìparí ìwé kí o tó ka ìbẹ̀rẹ̀.

Mo lè wá kí ọ wàyí bó ṣe yẹ. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ilé ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́, àti àpótí onírin inú ilé gíga yẹn tí o ní ó máa ń gbé yín lọ sókè fúnra rẹ̀, ṣé kò tíì gbàgbé yín sí àárín rí? Ọlọ́run tó ń gbé ọ gòkè kò ní jẹ́ kí iná lọ nígbà tí o bá wà nínú rẹ̀. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ẹsẹ̀ tó ń dùn mí ṣì ń dùn mí, ṣùgbọ́n ó ti mọ ìwọ̀n ara rẹ̀, kì í yọ mí lẹ́nu àfi bí òjò bá ṣú. Onígbàjámọ̀ tó wà ní ìsọ̀ kejì sí wa ní kí n kí ọ. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ la ṣì ti ń fi iná sí fóònù, orí olórí ló sì ṣì fi ń kọ́ṣẹ́.

Iṣẹ́ abẹ náà kò pẹ́ tó bí mo ṣe rò. Dókítà ti ṣàlàyé fún wa tẹ́lẹ̀, obìnrin tí n kò rò pé ó tó ọ lọ́jọ́ orí, ó ya ẹyinjú sórí pépà, ó ní ojú bàbá kò kú, awọ dídán tó wà níwájú ẹyinjú ló ti funfun tí ìmọ́lẹ̀ kò fi rí ọ̀nà gbà wọlé. Òun yóò gé èyí tó bàjẹ́ kúrò, òun yóò sì rán èyí tó mọ́ sí ipò rẹ̀. Nígbà tó dárúkọ rírán ni mo fa àga mi sún mọ́ tábìlì, torí ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ èmi aránṣọ nìyẹn. Mo bi í irú òwú wo ni. Ó ní ó tín-ín-rín ju irun orí lọ. Mo bi í nípa abẹ́rẹ́, ó ní bí abẹ́rẹ́ náà bá bọ́ sílẹ̀, kí ènìyàn má wulẹ̀ wá a. Mo wo ìka rẹ̀, mo rí i pé kò gbọ̀n, ọkàn mi sì balẹ̀. Bàbá rẹ ní tirẹ̀ mi orí bí atúnagogo, ó ní òun ti gbọ́ ọ yé, gíláàsì agogo ló bàjẹ́, ẹ̀rọ inú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Dókítà ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni, Bàbá. O mọ̀ pé láti ìgbà tí fóònù ti ń sọ aago fún gbogbo ayé, kò sí ẹni tó ń sọ fún bàbá rẹ mọ́ pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ó rẹ́rìn-ín wọ yàrá iṣẹ́ abẹ lọ.

Ṣé o rántí yàrá iwájú nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì dá? Tábìlì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, máṣíìnì mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kejì, ìwọ lábẹ́ máṣíìnì tí ò ń fi àgékù aṣọ wé ṣíbí tí o sọ di ọmọ, àwọn agogo lára ògiri tí kálukú ń sọ tirẹ̀ bí ará ilé tó ń jà. Yóò ki dígí kékeré dúdú yẹn bọ ojú ọ̀tún, yóò di ojú òsì, yóò tẹ̀ mọ́ agogo, kò ní mí. Àwa náà kò ní mí. Mo máa ń dá ẹsẹ̀ dúró lórí máṣíìnì kí ilẹ̀ má baà gbọ̀n, títí yóò fi rí ohun tó ń wá, tí yóò ní ó yá. Mo rò pé ìdajì ìgbéyàwó wa ni mo fi dúró de ó yá yẹn. Nígbà tí funfun bo ojú òsì tó tún kọjá sí ọ̀tún, ó kọ́kọ́ ń fi etí tún agogo ṣe, lẹ́yìn náà ó kó àwọn irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpótí, ó ní kí n máa ránṣọ mi lọ, kò sí ẹni tí yóò ní kí n dúró mọ́. Mo ń ránṣọ lọ lóòótọ́. Láti ọjọ́ náà ni ariwo máṣíìnì yẹn kò ti dùn létí mi mọ́.

Ní ọsibítù, nígbà tó wò mí dáadáa, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé mo ti hewú. Mo ní ẹ̀yin náà ti hewú, ẹ kàn ò rí i ni. Ó ní kí wọ́n gbé dígí wá. Ó wo ara rẹ̀ pẹ́, ó ní bàbá òun ni wọ́n fi sínú dígí yìí, kí wọ́n gbé òun wá. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí tó fi di ògiri mú. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo fi ọwọ́ bo ẹnu, torí ìyàwó tó rí kẹ́yìn ṣì ní eyín iwájú. Kò sọ ohunkóhun nípa eyín. Ó ní ṣé èmi ni mo rán aṣọ tó wà lọ́rùn mi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ọrùn rẹ̀ jókòó dáadáa.

Akọ̀wé mi, ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò lè bá ará àdúgbò sọ. Ojú yìí kì í ṣe ti bàbá rẹ. Ti ẹnì kan tó ti kú ni, tí àwọn ẹbí rẹ̀ sì yọ̀ǹda pé kí wọ́n yọ ọ́ fún ẹni tó bá nílò rẹ̀. Àwọn àgbà máa ń sọ pé àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Àlejò tó wà nílé wa yìí ń fi ríran, ó tiẹ̀ ti rí ìdọ̀tí tó wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Ojú ń tì mí. Bí mo bá fẹ́ pààrọ̀ aṣọ láàárọ̀, mo máa ń ní kí bàbá rẹ di ojú ọ̀tún. Ó ní èyí tí o ní kí n dì yìí nìkan ló ríran, ṣé òsì tó fọ́ ni kí n máa fi wò ọ́? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, òsì ni ọkọ mi, ọ̀tún ṣì jẹ́ àlejò. Ti ìkíni kò ni mí lára ní tirẹ̀. Ẹ káàárọ̀ ni mo ti ń kí bàbá rẹ láti ọjọ́ tí mo ti wọlé rẹ̀, ẹnì kan péré ni mo sì ń kí. Àṣé ààyè ṣì wà nínú ẹ káàárọ̀ yẹn fún ẹnì kejì.

Nísinsìnyí, ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà tó kóni lẹ́rù lọ ló rí. Mo bi nọ́ọ̀sì ibi tí ojú náà ti wá, kí n lè lọ dúpẹ́. Ó ní inú báńkì ojú ni. Mo ní ó dára. Lọ́jọ́ kejì tí a délé, mo wọ bàtà, mo lọ sí báńkì tó wà lójú títì, èyí tí o máa ń gbà fi nǹkan ránṣẹ́ sí wa. Mo tò sórí ìlà. Nígbà tó kàn mí, ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì ní kí ni nọ́ńbà àkáǹtì mi. Mo ní kì í ṣe ti owó, ti ojú ni, mo wá dúpẹ́ ni. Ó ní ojú wo, Màmá? Mo ní èyí tí ẹ fún ọkọ mi, ó ríran dáadáa, kí Ọlọ́run bá yín tọ́jú èyí tó kù. Mo tún bi í bóyá ẹni tó bá fi ojú pamọ́ sọ́dọ̀ wọn máa ń rí èlé lórí rẹ̀. Ó lọ pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá náà jáde, ọmọlúwàbí ènìyàn ni, ó gbé àga fún mi, ó ní Màmá, owó nìkan la ń tọ́jú níbí, kò sí ojú kankan lọ́dọ̀ wa. Mo ní mo gbà bẹ́ẹ̀, torí bí ẹ bá ní ojú ni, ẹ̀ bá ti rí èmi àgbàlagbà tí mo ti wà lórí ìlà láti àárọ̀. Gbogbo ìlà hó yèè. Ojú ti ọ̀gá náà díẹ̀, ó sì sìn mí dé ẹnu ọ̀nà.

Ìgbà tí báńkì ti kùnà ni mo gbójú lé fóònù. O rántí pé o ṣe fóònù bàbá rẹ kó máa fi ojú rẹ̀ mọ̀ ọ́n, torí pé kò rí ohun tó ń tẹ̀. Láti ọjọ́ tí a ti dé, bí ó bá ti gbé e síwájú báyìí, fóònù náà a gbọ̀n, a kọ̀ ọ́. Onígbàjámọ̀ ní nítorí ike tí wọ́n fi bo ojú náà ni. N kò gbà fún un, ta ló fi í ṣe dókítà. Ohun tí mo rí ni pé fóònù ti mọ̀ pé ẹlòmíràn ló ń wo òun. Bí ó bá wá mọ̀ pé kì í ṣe bàbá rẹ, ṣé kò lè mọ ẹni tí í ṣe? Jọ̀ọ́, bá mi bi àwọn tó ṣe é. N kò fẹ́ orúkọ. Kí wọ́n ṣáà sọ fún mi bóyá àgbà ni tàbí ọmọdé.

Ìdí tí mo fi fẹ́ mọ̀ nìyí. Obìnrin kan wà ní ọsibítù tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti dúró láàárín àwọn tó fúnni ní ẹ̀yà ara àti àwọn tó gbà á. Alárinà ni mo ń pè é, kò sì bínú. Ó ní a lè kọ lẹ́tà ìdúpẹ́, òun yóò bá wa fún ẹbí náà bí wọ́n bá fẹ́ gbà á, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ kọ orúkọ wa, a kò gbọdọ̀ kọ ìlú wa, a kò sì gbọdọ̀ béèrè tiwọn. Òfin ni. Mo ní àwọn àgbà sọ pé bí ojú bá mọ ojú, alárinà a yẹ̀ ẹ́, ní ti èyí, ojú ti wọ inú ojú pátápátá, kí ló dé tí alárinà kò yẹ̀? Ó rẹ́rìn-ín, kò yẹ̀.

Mo jókòó láti kọ ọ́, mo sì há sí ìlà àkọ́kọ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ kí wọn? Bí ó bá jẹ́ àgbà ló kú, ẹ kú àṣẹ̀yìndè ni, ẹ̀yìn wọn á dára, ọjọ́ á jìnnà síra. Bí ó bá jẹ́ ọ̀dọ́, ta ni yóò gbé ẹnu sọ ìyẹn? Bàbá rẹ ní kí n ṣáà pe òkú náà ní wọ́n, ọ̀wọ̀ kì í pa ẹnikẹ́ni. Onígbàjámọ̀ dá sí i, ó ní olóògbé ni kí n kọ, kò lọ́jọ́ orí. Mo ní ọ̀rọ̀ inú rédíò nìyẹn, ìyá wo lo gbọ́ rí tó ń sunkún olóògbé mi?

Bàbá rẹ rò pé mo ń ṣe àṣejù, ṣùgbọ́n kò sí nílé lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí, o sì kéré jù láti rántí. Nígbà tí àbúrò rẹ kú, tí kò tíì rìn, ìyá oníbàárà kan wọlé wá gba aṣọ rẹ̀. Ó ti gbọ́ níta pé òkú wà nílé wa, ó rò pé ìyá bàbá rẹ ni. Ó fi ẹ̀rín kí mi, ó ní ẹ kú àṣẹ̀yìndè o, ẹ̀yìn wọn á dára. Mo ní àmín, torí àmín ti mọ́ mi lẹ́nu. Mo ká aṣọ rẹ̀ fún un, ó sì lọ. Kò mọ̀, kò ṣẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n wọn tó fi pe ọmọ mi yẹn kò tíì kúrò létí mi títí di òní. Ọmọ tó ṣì ń rá. N kò fẹ́ kí ìyá kankan jókòó síbì kan tí n kò mọ̀, kó ṣí lẹ́tà ìdúpẹ́ mi, kó sì bá wọn tí a fi ń pe àgbà nínú rẹ̀.

Mo bẹ Alárinà kó sọ ọjọ́ orí nìkan. Ó ní òun kò lè sọ ọ́. Mo bi dókítà, ó ní òun náà kò mọ̀, pé ojú náà ṣáà dára, yóò bá bàbá pẹ́. Ọ̀rọ̀ pé ó dára, pé yóò pẹ́ yẹn ni mo gbé dé ilé, tí mo ń yí i sọ́tùn-ún, tí mo ń yí i sósì. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bàbá rẹ lọ jókòó sí tábìlì rẹ̀ àtijọ́, ó ń wo ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ nínú oòrùn. Ó ní gíláàsì yìí kò ní àpá kankan. Ó ní èyí tí wọ́n ti lò pẹ́ máa ń ní ìlà wínníwínní, òun ti pààrọ̀ wọn tó láyé òun láti mọ̀. Ó ní ara agogo tó ti dúró lòun ti ń yọ wọ́n fún èyí tó ń rìn, òun kò sì béèrè rí bóyá agogo náà ti pẹ́ láyé kó tó dúró. Mo ní àgbà kan lè wà tó tọ́jú ojú rẹ̀ dáadáa. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò wò mí nígbà tó sọ ọ́.

Nítorí náà, mo kọ lẹ́tà méjì. Ti àgbà kò le, mo fi ọwọ́ kan kọ ọ́ bí ẹni ń ṣẹ́ etí aṣọ: ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìsìnkú, àgbà tó sinmi yìí kò lọ pátápátá, wọ́n fi ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀ fún ilé wa, ẹ̀yin náà á dàgbà, ẹ á dogbó. Ti ọ̀dọ́ ni mo ń ya, tí mo tún ń kọ. Mo fẹ́ sọ pé omi ló dànù, agbè kò fọ́, mo sì rántí pé nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún mi, inú bí mi sí agbè. Mo pa á rẹ́. Ohun tí mo kọ gbẹ̀yìn nìyí: N kò ní sọ fún yín pé kí ẹ má sunkún. Ojú ọmọ yín ríran lónìí. Ó rí òjò àárọ̀, ó rí ewé tuntun lẹ́yìn fèrèsé wa. À ń ṣọ́ ohun tí a ń fi hàn án. Ẹ ṣeun, ọmọ yín ṣeun.

Mo fi òwú funfun di ti àgbà, mo fi òwú búlúù di ti ọ̀dọ́, kí wọ́n má baà ṣì wọ́n mú, a sì gbé méjèèjì lọ. Alárinà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní Màmá, ẹyọ kan la ní kí ẹ kọ. Mo ní kó kà wọ́n. Ó ka ti àkọ́kọ́, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ka ìkejì, ó dì í padà pẹ̀lú òwú rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ lé e fún ìgbà díẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹnì kan kò mú méjì wá rí. Ó ní òun kò ní sọ fún wa, ṣùgbọ́n òun yóò mú èyí tó bá yẹ, bí ẹbí náà bá gbà láti gbọ́ ohùn wa, torí àwọn mìíràn kì í fẹ́. Ó kó wọn sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀.

Ó tún sọ ohun kan bí a ṣe ń dìde. Ó ní ojú òsì ẹni náà wà lára ẹlòmíràn níbì kan, ó sì ń ríran. Bàbá rẹ kò lè sùn dáadáa nítorí èyí. Ó ní kí ni òun àti ẹni yẹn jẹ́ sí ara wọn, àbúrò àti ẹ̀gbọ́n ni àbí àna? Mo ní bí ẹ kò bá ti rí ohun tí ẹni yẹn ń rí, ẹ jẹ́ ká máa pè é ní ará.

Nípa ti ilé, fi nǹkan díẹ̀ ránṣẹ́ fún owó ọkọ̀ àti oògùn tí a ń kán sí ojú náà, ó ti fẹ́ tán. Má gba báńkì yẹn rán an, ojú ń tì mí láti padà síbẹ̀. Fi rán ẹni tó ń bọ̀. Bí ó bá ṣẹ́ kù, bá bàbá rẹ ra bátìrì agogo ọwọ́, èyí tó kéré jù, torí ó ti ṣí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó sì ti ní kí n dá máṣíìnì dúró lẹ́ẹ̀mejì lónìí.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ. Ibi tí o bá yíjú sí, ire ni wàá máa bá pàdé. Wàá rí wa sójú ayé, àwa náà á rí ọ bá ṣeré, ojú wa kò ní rí ohun tí ẹnu kò lè sọ. Bàbá rẹ fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ yìí. Bí ó bá wọ́, má rẹ́rìn-ín.

Ìyá rẹ.

Mo ti ń lẹ àpò ìwé nígbà tí Onígbàjámọ̀ gbé fóònù wá. Alárinà pè nígbà tí fóònù wà lórí iná lọ́dọ̀ rẹ̀, òun ló sì bá a sọ̀rọ̀. Alárinà ní ẹbí náà ti gbà, òun sì ti mú lẹ́tà lọ fún wọn lówùúrọ̀ yìí. Mo bi Onígbàjámọ̀ pé òwú wo ló wà lára rẹ̀. Ó ní òwú kẹ̀? Mo ní funfun ni àbí búlúù. Ó ní òun kò béèrè, ta ni yóò béèrè òwú lọ́wọ́ ọsibítù. Mo ti pe obìnrin náà padà títí, kò gbé e. Ọjọ́bọ̀ la máa lọ fún àyẹ̀wò. Bàbá rẹ ní kí n má béèrè. Mo máa béèrè. Títí di bí mo ṣe ń lẹ èyí, a ò tíì mọ èwo ló mú.